Kí ni agbáyun ń ṣe nínú oògùn ìyónú?

Ìbéèrè tó wá ni pé: kí ló dé tí àwọn àgbà fi máa ń jẹ agbáyun kí wọ́n tó mu ògì kíkan, kí sì ni àwọn oníṣègùn ń wá lára rẹ̀ tí wọ́n fi ń lò ó fún ìyónú, ìyẹn oògùn tí a fi ń wá ojú rere èèyàn?

Agbáyun fúnra rẹ̀ kò dùn tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe lọ. Èso pupa kékeré ni, kò ju orí ìka lọ, kóró ló sì gba inú rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lásán á ní, “Ṣé gbogbo ariwo náà nìyí?” Ẹ má tètè gbé e mì. Ẹ fi ahọ́n yí i káàkiri ẹnu títí omi rẹ̀ á fi kan gbogbo ahọ́n, kí ẹ tu kóró dànù, kí ẹ wá la ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu. Ọsàn tó yẹ kó mú yín fajú ro á máa dùn bí ẹni pé wọ́n rì í sínú oyin! Ó lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì lè ju wákàtí kan lọ kó tó kúrò lẹ́nu.

Ọdún 1968 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yọ èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jáde, tí wọ́n sọ ọ́ ní miraculin. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn, á dákẹ́ síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Ìgbà tí nǹkan kíkan bá dé ni yóò jí. Àwọn èèyàn wa ti mọ̀ ọ́n lò kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ: ní nǹkan bí ọdún 1725, ará Faransé kan, des Marchais, ti rí i tí wọ́n ń jẹ ẹ́ ṣáájú oúnjẹ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀kọ tó ti kan, emu àná, gbogbo rẹ̀ di mímu.

Ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ ìyónú ti wá. Agbáyun kò fọwọ́ kan ọsàn, ẹnu tó fẹ́ tọ́ ọ wò ló tún ṣe. Ẹni tó ń wá ojú rere kò lè yí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ padà. Ohun tó ń wá ni kí ó dùn létí ẹni tí yóò gbọ́ ọ.

Ẹ má ṣì í mú fún èso ewé eéran, ìyẹn ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Èso ewé eéran dùn fúnra rẹ̀, kò dúró de nǹkan kíkan kankan. Mọ̀lẹ́bí àgbálùmọ̀ ni agbáyun ní tirẹ̀.

Ẹ má sè é o, iná máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Kí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú sì rọra: ahọ́n nìkan ni agbáyun ń tàn, bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe kan tó náà ló ṣe máa dé inú ikùn.