Má jẹ́ kí bàbá dá ìnsúlínì dúró nítorí owó: ohun tí ojú ìyá mi rí

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí bàbá yín bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ìnsúlínì, èyí tí à ń fi káwọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àyà rẹ sì já nígbà tí wọ́n dá iye rẹ̀ fún ẹ ní fámásì. Ẹ̀gbọ́n bàbá wá ń sọ pé jìbìtì ni gbogbo rẹ̀, pé àwọn òyìnbó tó ń ṣe òògùn mọ ohun tó ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn, wọ́n kàn gbé e pamọ́ kí ọjà wọn má bàa kú. Ìdí nìyẹn tó o fi ń béèrè bóyá kí bàbá kúkú máa mu àgbo.

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, mi ò kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ra ìnsúlínì fún ìyá mi, ohun tí mo sì mọ̀ nípa rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn la fi kọ́ ọ.

Lẹ́yìn tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìgò tí mo máa ń rà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Oṣù yìí, iye kan, oṣù tó tẹ̀ lé e, "ọjà tuntun la rà o, mà." Mo fara dà á. Èmi náà ń ra aró àti kọ́sítíìkì, mo mọ ohun tí dọ́là lè fi ojú ọlọ́jà rí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé màámi ń gbọ́ gbogbo ìráhùn mi lórí fóònù. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ibi tí dókítà ti ní kí wọ́n fa ìwọ̀n ogún sínú síríǹjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa mẹ́wàá. Nígbà tó yá, ti alẹ́ pòórá. Ni ẹnì kan bá gbé tíì kan wá, irú èyí tí wọ́n ń polówó lórí rédíò, ó ní á fọ ṣúgà kúrò lára wọn pátápátá. Bí abẹ́rẹ́ ṣe dúró nìyẹn, èmi ò sì mọ̀.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń dìde tọ̀ lóru lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bàtà rọ́bà wá bó wọn lẹ́sẹ̀, egbò tí kò tó èékánná. Wọn ò mọ̀ ọ́n lára, torí ṣúgà ti mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri. Ìgbà tí mo fi rí i, ó ti ń rùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì gé ìka ẹsẹ̀ méjì. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì wọn, mo ń ṣírò: owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ì bá ra ìnsúlínì ọdún méjì.

Ní ti ẹ̀gbọ́n bàbá, mi ò ní bú wọn. Ìfura wọn nídìí. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán òògùn tuntun kan, Trovan, wò níbẹ̀, nǹkan bí igba ọmọdé ni wọ́n kó sínú ìdánwò náà. Mọ́kànlá kú. Pfizer ní àrùn ló pa wọ́n, kì í ṣe òògùn, ṣùgbọ́n ní 2009 wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi yanjú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Kánò pè wọ́n.

Ti ìnsúlínì gan-an tún wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣàwárí rẹ̀ ní Toronto, ní Kánádà, ní 1921, ta ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀ fún yunifásítì ìlú náà ní 1923, dọ́là kan péré lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Lónìí, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, Novo Nordisk, Eli Lilly àti Sanofi, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láyé. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ná dọ́là bí omi, wọ́n fowó lé e, wọ́n tún fowó lé e, títí àwọn kan níbẹ̀ náà fi ń dín tiwọn fà bíi ti màámi. Ìgbà tó di 2022 ni wọ́n ṣòfin pé àwọn àgbà tó wà lábẹ́ Medicare, ètò ìlera ìjọba wọn fún àwọn arúgbó, kò ní san ju dọ́là 35 lóṣù lórí oríṣi ìnsúlínì kọ̀ọ̀kan. Ojúkòkòrò wà níbẹ̀, ta ni yóò jiyàn?

Ṣùgbọ́n ìnsúlínì fúnra rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ohun tí ara wa ń pèsè ni. Bí ti bàbá kò bá tó mọ́, ẹ̀ ń bá wọn fi kún un ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá ní owó ni olóògùn òyìnbó ń wá. Onítíì náà gbowó lọ́wọ́ màámi, kò sì yọjú sí wa ní wọ́ọ̀dù. Mò ń se ewúro fún wọn, mi ò bá ewé jà, àmọ́ mi ò tíì rí àgbo tó rọ́pò abẹ́rẹ́.

Èyí tó yẹ kí ẹ fura sí jù, ìtòsí ló wà. Dora Akunyili tó di olórí NAFDAC ní 2001, ìnsúlínì ayédèrú ló pa àbúrò rẹ̀ obìnrin ní 1988. Èmi náà ra ọjà ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin kan ní tòun tòkè òkun ló ti wá, inú báàgì dúdú ló ti yọ ọ́, lọ́sàn-án gangan. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, ṣúgà màámi kò sọ̀. Bóyá ayédèrú ni o, bóyá oòrùn ló ti bà á jẹ́, owó mi ti wọgbó.

Ohun tó o máa ṣe sí owó rèé: padà sọ́dọ̀ dókítà, kí o sọ ọ́ gbangba pé agbára yín kò ká a. Ojú máa ń tì wá, dókítà ò sì lè fọkàn mọ̀. Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ ni mo tó gbọ́ pé ìnsúlínì ju oríṣi kan lọ. Àwọn tuntun tó wà nínú ohun tó dà bíi bírò ló máa ń wọ́n jù. Ti àtijọ́, inú ìgò, tí à ń fi síríǹjì fà, tí wọ́n ń pè ní 70/30, dínwó sí i gan-an, òun náà ni màámi ń lò títí di òní. Má fúnra rẹ pààrọ̀ rẹ̀ fún bàbá o! Ìwọ̀n rẹ̀ lè yàtọ̀, síríǹjì ti ìnsúlínì nìkan la sì fi ń fà á. Bó bá jẹ́ 70/30 yìí ni dókítà kọ, kí bàbá yí ìgò náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láàárín àtẹ́lẹwọ́ kí wọ́n tó fà á. Bó bá funfun dọ́gba, kò séwu. Bó bá ṣù, tàbí tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò, dà á nù.

Ìgò tí ẹ kò tíì ṣí ló nílò fíríìjì, àmọ́ bó bá dì bíi yìnyín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tí ẹ ti ṣí lè lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin níta bí ibẹ̀ kò bá gbóná. Tèmi, nítorí NEPA, mo ki ìkòkò amọ̀ kékeré bọ inú ńlá, mo da yanrìn tútù sáàárín wọn, mo fi aṣọ tútù bò ó, mo wé ìgò náà sínú ọ̀rá kí omi má kàn án. Àmù àwọn ìyá wa náà ṣáà ni.

Èwo ni dókítà kọ fún bàbá, ti ìgò ni àbí ti bírò? Kọ orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀ síbí. Ṣé wọ́n ṣì ń fà á bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n fà á? Lọ wo ìgò náà fúnra rẹ lálẹ́ òní, má kàn bi wọ́n léèrè.