Ẹ má tíì pe dókítà yẹn ní ìkà

Arábìnrin mi, mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ, pé jẹjẹrẹ ń dá bàbá yín lóró, wọ́n fẹnu ara wọn bẹ dókítà pé kó fún àwọn lábẹ́rẹ́ káwọn lè lọ sinmi, dókítà kọ̀ jálẹ̀, ẹ wá ń béèrè pé ṣé ìkà ni àbí òfin ló dè é lọ́wọ́. Mo ti débẹ̀ rí. Màámi ni tèmi. Jẹjẹrẹ wọ inú egungun wọn, oṣù méje, béèyàn bá fara kan bẹ́ẹ̀dì lásán wọ́n á kígbe.

Lóru ọjọ́ kan wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní tí mo bá fẹ́ràn àwọn kí n sọ fún dókítà kó jẹ́ káwọn máa lọ. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ mo lọ bá a, mo sunkún, mo tún pariwo mọ́ ọn. Ó jẹ́ kí n sọ tán, ó wá ní, "Ibo ló ń dùn wọ́n jù, ìgbà wo ló sì máa ń le jù?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Kò sẹ́nìkan nínú wa tó bi wọ́n rí.

Ti òfin, mo kà á nígbà yẹn débi tójú mi fi pọ́n. Níbi tó pọ̀ jù láyé, dókítà tó bá gún abẹ́rẹ́ yẹn, apààyàn ni òfin ń pè é, ẹ̀bẹ̀ aláìsàn ò sì gbà á sílẹ̀. Òfin 1961 ti England sọ pé ẹni tó bá ran ẹlòmíì lọ́wọ́ láti pa ara ẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura. Netherlands gbà á láti 2002, àmọ́ aláìsàn fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀, kí ìyà náà kọjá ìfaradà kó má sì sí ìrètí pé á sàn, dókítà míì tí ọ̀rọ̀ ò kàn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá sì ṣe é tán ó gbọ́dọ̀ lọ fẹjọ́ ara ẹ̀ sun ìgbìmọ̀. Ẹ mọ̀ pé dókítà kan níbẹ̀, Geertruida Postma, tó pa ìyá ara ẹ̀ torí ìyá náà bẹ̀ ẹ́, kóòtù dá a lẹ́bi ní 1973, ẹ̀wọ̀n ọ̀sẹ̀ kan tí kò ní lọ ṣe ni wọ́n dá fún un. Ní Oregon l'Amẹ́ríkà, láti 1997, dókítà ò gbọ́dọ̀ gún abẹ́rẹ́ kankan, ó kàn lè kọ oògùn ni, aláìsàn ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ lò ó, dókítà méjì sì gbọ́dọ̀ gbà pé kò ní lò ju oṣù mẹ́fà lọ láyé. Mi ò dá ẹni tó bá yàn án níbẹ̀ lẹ́jọ́ o, mo mọ bí òru yẹn ṣe ń gùn.

Àmọ́ ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn, tẹ́ ẹ̀yin náà lè má mọ̀: dókítà tó ní òun ò ní gún abẹ́rẹ́ ikú lè gbà kí aláìsàn tó mọ ohun tó ń ṣe kọ ìtọ́jú tó ti sú u, ó lè yọ ẹ̀rọ tí kò fẹ́ mọ́, ó sì lè fún un ní mọ́fíìnì, ìyẹn oògùn ìrora tó lágbára, níwọ̀n tó bá ìrora ẹ̀ mu. Ìyẹn kì í ṣe ìpànìyàn. Màámi ní àwọn ò fẹ́ oògùn jẹjẹrẹ mọ́, wọ́n dá a dúró. Mọ́fíìnì tí wọ́n ń fún wọn nígbà tí wọ́n bá ké nìkan tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń fún wọn lákòókò lákòókò, kí ìrora tó dé. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n sùn mọ́jú, wọ́n ní kí n ṣí wíńdò.

Mi ò ní parọ́ fún yín, wọ́n ṣì tún sọ̀rọ̀ ikú lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìyẹn. Mo bi wọ́n pé kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n ní àwọn ti di ẹrù sí wa lọ́rùn. Kì í ṣe ìrora rárá!

Torí náà ẹ padà lọ bá dókítà yẹn. Ẹ bi í pé ṣé oògùn ìrora bàbá ní àkókò, ṣé wọ́n ní ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ìrora nìkan, ẹ jẹ́ kí bàbá sọ ẹ̀rọ tí wọn ò fẹ́ níwájú ẹlẹ́rìí kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ọpọlọ wọn ṣì já gaara. Kẹ́ ẹ tó ṣèyẹn, ẹ jókòó tì wọ́n lálẹ́ òní kẹ́ ẹ bi wọ́n ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù.