Èsì: Ṣé ẹṣin kan lè sáré ìje lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan?
Bẹ́ẹ̀ ni o ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Láyé àtijọ́ ní England, máìlì 4 ni wọ́n máa ń sá, ẹṣin tó bá fẹ́ gbẹ̀bùn sì gbọ́dọ̀ borí lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn, tó bá ti sá tán wọ́n á ha òógùn ara ẹ̀ dànù, wọ́n á nù ún gbẹ, kò pẹ́ ló tún di orí pápá, ìyà gidi! Bí Eclipse, ẹṣin ìje kan tó lókìkí, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní Epsom ní England lọ́dún 1769. Àwọn ẹṣin tí wọ́n ń gùn lẹ́yìn kì í sábà ṣe é mọ́ báyìí. Àmọ́ àwọn tó ń fa kẹ̀kẹ́ ṣì ń ṣe é, ẹ wo Elitloppet, ìje ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ ní Sweden, ìpele àkọ́kọ́ àti fáínà, ọjọ́ kan náà ni, máìlì 1 péré ni ṣá.