Ìṣubú Lórí Alùpùpù Inú Igbó
Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń gun alùpùpù inú igbó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ti ṣubú níbi tí mo ti fẹ́ dúró, lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Kí ni mò ń ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìjókòó alùpùpù yìí ga, bí ẹ bá sì tẹ bíréèkì iwájú nígbà tí ọwọ́ alùpùpù náà, ìyẹn irin tí ẹ fi ń darí rẹ̀, ṣì yí sí ẹ̀gbẹ́, táyà iwájú yóò dúró lójijì, gbogbo ìwúwo yóò sì dà sí ẹ̀gbẹ́ náà kí ẹsẹ̀ yín tó kan ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú ọwọ́ rẹ̀ tọ́, kí ẹ sì fi bíréèkì ẹ̀yìn dúró. Bí ó bá ti ń wó, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ẹsẹ̀ yín kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ẹ tó gbé e dìde, nítorí epo lè máa jò.