Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Ìrókò àti Tíìkì Bára Tan?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Káfíńtà kan ní ìrókò ni wọ́n ń pè ní "tíìkì Áfíríkà", pé igi kan náà ni wọ́n. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń gbin tíìkì káàkiri ayé, tí wọn kì í gbin ìrókò?

ÌDÁHÙN: Wọn kò bára tan rárá. Àwọn oníṣòwò pákó ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé pákó méjèèjì jọra lójú, wọn kì í sì í tètè jẹrà. Ìbátan ẹfinrin ni tíìkì (Tectona grandis), bó tilẹ̀ ṣòroó gbà gbọ́. Ìrókò (Milicia excelsa) wà nínú ẹbí ọ̀pọ̀tọ́ àti òdán. Ẹ já ewé ìrókò, oje funfun á jáde. Tíìkì kò ní oje bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá rún ọ̀mùnú rẹ̀, ọwọ́ yín á pọ́n.

Chlorophora excelsa tí ẹ ń rí nínú ìwé àtijọ́, ìrókò yìí náà ni. Ọdún 1982 ni Berg, onímọ̀ nípa ewéko, kó o sínú ìsọ̀rí igi tí wọ́n ń pè ní Milicia. Ẹ̀yà méjì péré ló wà níbẹ̀: M. regia kò kọjá àárín Sẹ̀nẹ̀gàl sí Gánà, ṣùgbọ́n M. excelsa, èyí tó wà ní Nàìjíríà, lọ títí dé Mòsáńbíìkì. Mvule ni àwọn elédè Swahili ń pè é.

Pákó ìrókò ló ń rìnrìn àjò. Igi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò ní Áfíríkà. Kòkòrò bíńtín kan, Phytolyma, ló fa èyí tó pọ̀ jù. Á yé ẹyin sára ọ̀mùnú, ọmọ rẹ̀ á wọnú rẹ̀, ibẹ̀ á sì wú di kókó. Tí kókó náà bá là, ọ̀mùnú á jẹrà. Igi á tún rú, kòkòrò á tún padà, títí igi yóò fi di igbó ṣúúrú tí kò ga. Oko tó jẹ́ kìkì ìrókò ló máa ń bàjẹ́ jù. Ẹ gbìn ín mọ́ àárín igi mìíràn, kí ó rí ìbòòji díẹ̀ nígbà èwe; tí ìbòòji bá pọ̀ jù, kò ní í dàgbà.

Igi abo nìkan ló ń so, torí náà ìrókò tó dá wà lè má ní irúgbìn tó dára láéláé. Ẹ rẹ èso tó pọ́n sómi, ẹ fọ́ ọ, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sá irúgbìn náà síbòòji. Kò ju mìlímítà méjì lọ, nítorí náà erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi bò ó. Ẹ tètè gbìn ín, kì í pẹ́ kó tó kú. Kí ẹ sì yára ju àdán lọ, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ débi èso náà.