Wọ́n Ti Ń Pè Mí Ní Lọ́yà, Bẹ́ẹ̀ Mo Fìdí Rẹmi Nínú Ìdánwò

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà, mà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mo sì jẹ́ ẹni ọdún 27. Ọdún 5 ni mo fi kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì kí n tó lọ sí Law School, ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ òfin tán máa ń lọ kí ó tó di agbẹjọ́rò, ní Bwari, ní Àbújá. Nígbà tí èsì ìdánwò àṣekágbá jáde, mo rí i pé mo ti fìdí rẹmi nínú méjì nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún tí a ṣe, wọ́n sì ní kí n padà wá tún ìdánwò ṣe. Màmá mi, tí wọ́n ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Jagun, ti mú àǹkárá ẹgbẹ́jọdá fún ọjọ́ tí wọn yóò sọ mí di agbẹjọ́rò, àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì sì ti sanwó rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé èsì kò tíì jáde. Ó ti di oṣù méjì báyìí tí mo ti ń sá fún ènìyàn, nítorí pé láti Takie dé ilé wa, "Lọ́yà" ni gbogbo ayé ń pè mí, àwọn kan tilẹ̀ ń gbé ìwé ilẹ̀ wá pé kí n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ṣí ìwé, kò wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí òun nìkan mọ òótọ́, ní kí n fi òfin sílẹ̀, kí n lọ gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, nítorí pé ọjọ́ orí ń lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ẹni Tí Ojú Ń Tì, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, mo kí ọ kú ìfaradà. Ẹrù méjì ni mo rí lórí rẹ nínú lẹ́tà yìí: ìdánwò ni ọ̀kan, irọ́ tí o pa fún ìyá rẹ ni èkejì, èkejì yìí ló sì wúwo jù. O ní o ṣí ìwé, kò wọlé. Báwo ni yóò ṣe wọlé nígbà tí etí rẹ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí o ń fọkàn rò ó bóyá ẹni tó ń kágò ti gbọ́ tàbí kò tíì gbọ́?

Nítorí náà, kí o tó ra ìwé kan kún èyí tí o ní, sọ fún màmá rẹ. Má ṣe lọ sọ ọ́ ní ìsọ̀ wọn, má sì sọ ọ́ ní àárọ̀ tí wọ́n ń sáré gbé ẹrù jáde. Dúró di alẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti jẹun tí ara wọn ti balẹ̀, kí o kúnlẹ̀, kí o sì sọ ọ́ láìfi àwáwí kankan kún un. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ tàbí àgbà kan nínú ẹbí jókòó tì ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tìrẹ ni kí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Wọn yóò bínú, n kò ní tàn ọ́. Irọ́ ni yóò dùn wọ́n ju ìdánwò lọ, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí o jẹ́ kí oṣù kẹta bá irọ́ náà lẹ́nu rẹ.

Ohun kan wà tí o ní láti là yé wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ọ́n. Ìdánwò Law School kò rí bí ti yunifásítì, níbi tí máàkì ẹ̀kọ́ kan ti lè gba èkejì sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni: ẹjọ́ láàárín ará ìlú, ẹjọ́ ọ̀daràn, òfin ilẹ̀ àti dúkìá, òfin ilé-iṣẹ́, àti ìwà tó yẹ agbẹjọ́rò lẹ́nu iṣẹ́. Ìlànà tí a mọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ti gba máàkì tó kéré jù ni wọ́n fi ń díwọ̀n gbogbo rẹ̀; ẹni tó gba A nínú mẹ́rin, tó wá rá pálá yege nínú ẹ̀karùn-ún, ìyege lásán ni ìwé rẹ̀ yóò gbé jáde. Èmi kò fẹ́ràn ìlànà yìí, ó dà bí ẹni tó fi ọmọ-ìka wọn gíga ènìyàn, ṣùgbọ́n òun ló wà nílẹ̀, òun náà ni kí o fi múra. Kí màmá rẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀kọ́ mẹ́ta wà tí o yege nínú wọn, àti pé ọmọ wọn kì í ṣe olódo.

Ní ti ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n rẹ, mo jẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá wọ iṣẹ́ náà nítorí pé ibòmíràn lé e jáde. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ wù ọ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ṣùgbọ́n o kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí kọ́ ni kí o fi ṣe àwáwí. Olóògbé Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ ìlú wa níbí, 1910 ni wọ́n bí wọn. Wọ́n ti ṣe olùkọ́, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ ìròyìn, kí wọ́n tó di agbẹjọ́rò ní 1950. Bí o bá sì rò pé ẹni tí kò gbọ́n ni ìdánwò agbẹjọ́rò ń dá padà, Kathleen Sullivan, tó ti jẹ́ olórí ẹ̀ka ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, fìdí rẹmi nínú ti ìpínlẹ̀ California ní 2005. Ó tún un ṣe, ó sì yege ní 2006. Ẹni tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí ń di lọ́yà nìyẹn.

Èmi náà mọ bí ewúro yìí ṣe korò tó. Nígbà tí mo ṣe ìdánwò Grade Two, ti ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ láyé ìgbà náà, wọ́n dá mi padà nínú ìṣirò. "Rẹfá" ni a ń pè é nígbà náà, àwọn ọmọ àdúgbò sì fi ṣe orin. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, mo rí i pé mo mọ ìṣirò náà. Ìbéèrè kìíní tó dùn mọ́ mi ni mo lò ju wákàtí kan lé lórí, mo sì fi méjì sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn wọ́n. Ìwọ náà, jókòó ti àwọn ẹ̀kọ́ méjèèjì tó gbé ọ ṣubú. Ṣé òfin ni o kò mọ̀, àbí àkókò ló tán mọ́ ọ lọ́wọ́, àbí kíkọ ìwé iṣẹ́ gan-an ni kò já gaara? Mo fura sí èyí tó kẹ́yìn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì ló mọ òfin sórí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí wọ́n kọ àfidáfítì, ìyẹn ìwé ìbúra, tàbí ìwé títa ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n. Kíkà nìkan kò lè wo èyí sàn. Gbé ìbéèrè àtijọ́ kalẹ̀, gbé aago síwájú, fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́, kí o sì gbé e fún ẹni tó ti yege kí ó máàkì rẹ̀ láìṣàánú rẹ. Kóòtù Gíga wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, wọn kì í lé ará ìlú jáde. Lọ jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí o máa wo bí àwọn agbẹjọ́rò ṣe ń gbé ẹ̀bẹ̀ wọn kalẹ̀ níwájú adájọ́.

Bí oorun bá kọ̀ láti wá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tàbí tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun, jọ̀wọ́ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ńlá méjì tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà ló wà ní ìlú yìí.

Àwọn tí ń gbé ìwé ilẹ̀ wá ńkọ́? Dá ìwé wọn padà lónìí. Ní Nàìjíríà, àfi ẹni tí wọ́n bá ti pè sí Bar, ìyẹn tí wọ́n ti sọ di agbẹjọ́rò, tí orúkọ rẹ̀ sì ti wọ ìwé ní Kóòtù Tó Ga Jùlọ, ló lè ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ẹni tí kò tíì débẹ̀ tó ń ṣe é, ọ̀ràn ló ń dá. Júwe agbẹjọ́rò gidi fún wọn. Ẹni tó bá sì pè ọ́ ní Lọ́yà ní Takie, dá a lóhùn pé, "Ó ku díẹ̀, mà," kí o sì máa bá ọ̀nà rẹ lọ.

Ó wá ku àǹkárá. Ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀, kí màmá rẹ dá a padà fún un láìjanpata. Àwọn tó ti rán tiwọn, kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn, aṣọ ni. Ti màmá rẹ nìkan ni kí télọ̀ má tíì fi abẹ́ kàn.