HOA ní kí a dá koríko padà síwájú ilé: kí ni òfin Texas sọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Katy, nítòsí Houston, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Owó omi wa ga jù nígbà ooru tó kọjá, la bá hú koríko iwájú ilé. A gbin Texas sage, Texas lantana àti Gulf muhly, a sì da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìyókù ilẹ̀ náà. A kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà HOA, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa, dé pé kí a dá koríko padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ó máa san owó ìtanràn. Ọkọ mi ní ilẹ̀ wa ni, kí a má dá wọn lóhùn, kí a má sì san owó ọdọọdún wọn mọ́. Àbúrò mi tó wà ní Maryland ní òfin ti gbèjà wa. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi bẹ ọkọ yín, kí wọ́n má dá owó ọdọọdún yẹn dúró. Ní Texas, HOA kò lè gba ilé onílé tà nítorí owó ìtanràn nìkan, tàbí nítorí owó lọ́yà tó ti ara ìtanràn nìkan jáde. Orí 209 nínú Property Code, ìwé òfin dúkìá ìpínlẹ̀ náà, ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbèsè owó ọdọọdún kò rí bẹ́ẹ̀ o: ó lè gba ilé lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá torí ìjà koríko dá owó yẹn dúró ti yọ idà, ó sì ti fi èèkù rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Ti pé ilẹ̀ yín ni, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tòun ti deed restrictions, ìyẹn àwọn òfin àdúgbò tó so mọ́ ìwé ilé náà, lẹ ṣe rà á, ẹ kà á o, ẹ ò kà á o. (Ọ̀pọ̀ wa kì í kà á. Ta ló fẹ́ jókòó ti ìwé tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó ń gba kọ́kọ́rọ́?) Ẹ má gbé ẹjọ́ yín ka orí ìyẹn.

Abala 202.007 nínú Property Code kan náà ni kí ẹ gbé e kà. Ó ní HOA kò gbọdọ̀ ka àgbá omi òjò, ajílẹ̀ ewé, tàbí ẹ̀rọ tó ń rin omi díẹ̀díẹ̀ sí ìdí ewéko léèwọ̀. Láti 2013 ni ewéko tó ń fara da ọ̀dá ti wà lára ohun tó dáàbò bò, àti koríko tí kì í mu omi púpọ̀. Bí ìwé àdúgbò yín bá sọ ohun tó yàtọ̀, òfin ìpínlẹ̀ ló lékè. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ gbìn, ọmọ ilẹ̀ Texas ni wọ́n, wọ́n sì ń fara da ọ̀dá. Lórí ewéko, ẹsẹ̀ yín múlẹ̀.

Òkúta wẹ́wẹ́ ló ń kọ mí lóminú. Abala kan náà fún HOA láyè láti ṣòfin lórí òkúta, òkúta wẹ́wẹ́ àti cactus, ewéko ẹlẹ́gùn-ún. Ó tún gbà kí wọ́n béèrè àwòrán àti àlàyé iṣẹ́ ṣáájú, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò bá àdúgbò mu. Àmọ́ wọn kò lè kọ̀ ọ́ láìnídìí tó mọ́gbọ́n dání, wọn kò sì lè kàn fẹnu sọ pé kò bá àdúgbò mu. Ẹ̀yin ti ṣiṣẹ́ tán kí ẹ tó béèrè, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú yín. Ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́ nísinsìnyí: ibi tí ewéko kọ̀ọ̀kan wà, orúkọ rẹ̀, bí yóò ṣe ga tó bó bá dàgbà, fọ́tò iwájú ilé. Bó bá jẹ́ tèmi ni, n óò sọ nínú lẹ́tà náà pé mo ṣe tán láti kó èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta kúrò, kí n fi èèpo igi rọ́pò rẹ̀. Ó lè dun ọkọ yín, nítorí owó ni wọ́n fi ra òkúta, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni òfin ti wà lẹ́yìn HOA.

Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ àti ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ tún ṣe. Ẹ sì ní ọjọ́ 30 láti béèrè ìjókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ alákòóso. Ẹ béèrè orúkọ àwọn tó yẹ àwòrán yín wò. Láti 2021, níbi tí ilé bá ti ju 40 lọ, ọmọ ìgbìmọ̀ alákòóso tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀.

Ẹ wá mú lẹ́tà tó dé yẹn. Ṣé certified mail ni, lẹ́tà tí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ń fúnni ní ẹ̀rí pé a fi í ránṣẹ́? Ṣé ó sọ ẹ̀sùn náà, àkókò tó tó láti tún un ṣe, àti pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìjókòó? Bí kò bá sí ìwọ̀nyí, ìkìlọ̀ lásán ni, wọn kò lè torí rẹ̀ bu ìtanràn lé yín. Bó bá pé, ọjọ́ tí wọ́n fi í ránṣẹ́ ni ẹ ó ti ka ọjọ́ 30 yín, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ yà á. Ẹ fi certified mail béèrè ìjókòó náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é láàárín ọjọ́ 30, kí wọ́n sì ti kó ìwé tí wọ́n fẹ́ lò fún yín ní ọjọ́ 10 ṣáájú. Bí wọn kò bá kó o, ẹ lè sún ìjókòó síwájú ní ọjọ́ 15. Ẹ béèrè ìlànà ìtanràn wọn pẹ̀lú, torí láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ó ti di dandan kí ó wà ní kíkọ sílẹ̀, pẹ̀lú iye owó ìsọ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Òfin tí àbúrò yín ń sọ wà lóòótọ́. Tọkọtaya kan ní ìlú Columbia, ní Maryland, bá HOA wọn jà lórí ọgbà tí wọ́n gbìn fún oyin àti labalábá, ìpínlẹ̀ náà sì ṣòfin lé e lórí ní 2021. Maryland ló mọ.

Bí wọ́n bá tẹ Orí 209 lójú, ẹ lè pe HOA lẹ́jọ́ ní justice court, níbi tí èèyàn ti lè rojọ́ fúnra rẹ̀ láìgba lọ́yà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àwọn ló pè yín lórí deed restrictions, tí wọ́n sì borí, ẹ̀yin ni òfin ní kí ẹ san owó lọ́yà wọn. Bí ìwé ilé ẹjọ́ bá ti dé, ẹ tètè wá lọ́yà tó mọ̀ nípa ẹjọ́ HOA.